Ẹ Má Tíì Fọ Ilẹ̀ Náà: Ìrírí Mi Lórí Ẹ̀rí, Ẹ̀jẹ̀ àti Yàrá Àyẹ̀wò

Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ni wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi sínú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní òru ọjọ́ ọjà. Àwọn ọlọ́pàá mú àbúrò mi ọkùnrin fún ikú náà nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá lára ẹ̀wù rẹ̀. Àbúrò mi kọ́ ni ó pa á, gbogbo wa ni a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ohun tí ará ilé mọ̀ kì í ṣe ohun tí adájọ́ lè kọ sínú ìwé. Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di gígùn ni àwọn nǹkan tí a ṣe ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, kí oòrùn tó ga, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi inú burúkú ṣe. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn tí irú rẹ̀ kò tíì bá, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ wọn yẹra fún.

Bàbá Àgbà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé ti ń pè é, jẹ́ oníṣòwò àgbàdo. A máa rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé, a máa tà á fún àwọn ìyálọ́jà láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti fún àwọn tí ó ń gba ọ̀nà Ìlárá kó ẹrù kọjá sí Nàìjíríà. Inú ilé ìkẹ́rùsí yẹn ni ó ti ń ṣírò owó, níbi tí àpótí irin rẹ̀ àti ìwé gbèsè rẹ̀ wà. Àbúrò mi ni ó máa ń bá ọkọ̀ ẹrù lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó ti bá ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, kò sì padà títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ìyálé ilé ni ó kọ́kọ́ rí i, nígbà tí ó lọ jí i fún ìrun àsùbá tí ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí díẹ̀. Igbe rẹ̀ ni ó kó àdúgbò jọ. Nígbà tí èmi fi dé, inú yàrá tí kò ju ibi tí ènìyàn lè to àpò ogójì sí lọ ti kún fún àwọn ènìyàn tí ń sunkún, tí ń ṣàdúrà, tí ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Bàbá Àgbà nà gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, orí rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Irin gbọọrọ tí a fi ń há ilẹ̀kùn láti inú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbàdo kan, aládùúgbò wa kan gbé e sókè, ó ní, “Irin yìí ni wọ́n lò!”, ó nà án sí ẹnì kejì, ẹni yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì nà án sí ẹlòmíràn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí kò tíì pé ogún ọdún yọ fóònù jáde, ó ya fọ́tò mélòó kan, àfi bí àgbàlagbà kan ṣe jágbe mọ́ ọn pé, “Ṣé òkú bàbá rẹ ni o ń yà bíi ti ẹni ń ṣe ayẹyẹ? Pa á rẹ́ kíá!” Ọmọ náà pa á rẹ́ lójú wa.

Bí ọmọ náà ṣe ń ya fọ́tò lọ́wọ́ ni ọkọ̀ ẹrù ti dúró níta. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí Bàbá Àgbà lé itan, ó ń pè é. Ó gbá a mọ́ àyà. Àwọn obìnrin pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n nu ojú rẹ̀, wọ́n sì nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé abẹ́ èékánná. Nígbà tí eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, tí àwọn ọmọdé sì ń yọjú, ìyàwó kékeré da omi jafẹ́ẹ̀lì, èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, sílẹ̀, ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá ẹ̀jẹ̀ náà jáde sí gọ́tà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè ka èyí kí ó bú wa ní òpè. Ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, àbùkù ni kí a fi àgbàlagbà sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí a sì dúró máa wò ó. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan òkú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn ènìyàn ìbá fura sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tí ó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìbànújẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ fún ará ilé: ìtọ́jú tí ó tóbi jù lọ tí a lè fún ẹni tí wọ́n pa ni kí a ti ilẹ̀kùn, kí ẹnìkan tí ó ní àyà dúró síbẹ̀, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti wọlé sílẹ̀, kí a sì pe ọlọ́pàá. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà lára ẹni náà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìro ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ó ṣe sùn àti ohun tí ẹ sún kúrò ní ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ọ̀gá wọn béèrè ẹni tí ó fọwọ́ kan nǹkan, gbogbo ilé sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mi orí. Wọ́n gbé irin náà, wọ́n gbé àpótí owó tí ó ti ṣófo. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ ìbọ̀wọ́ tí ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti parí ohun kan, wá ẹ̀yìn àwọn àpò títí ó fi rí ìwé gbèsè Bàbá Àgbà níbi tí ó já bọ́ sí. Ó fi ìka méjì mú un ní etí, ó sì rọra jẹ́ kí ó yọ́ sínú àpòòwé ńlá kan. Lójú mi nígbà náà, ó ń fi àkókò ṣòfò lórí ìwé lásán. Òṣìṣẹ́ mìíràn ní kí àbúrò mi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tí ó tutù fún ẹ̀jẹ̀ àti òógùn. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò ọ̀rá dúdú tí a fi ń ra nǹkan lọ́jà, ó ta á ní kókó, ó sì kọ nọ́ńbà lé e lórí. Wọ́n mú ẹ̀wù lọ, wọ́n sì mú ẹni tí ó ni ín lọ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni ó tẹ̀lé e. Mùsùlùmí ni Bàbá Àgbà, àwọn àgbà ilé sì fẹ́ sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Pròkúrọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba, ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ná. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ohùn ń ga, títí Álífà wa fi sọ pé ẹni tí wọ́n pa ní ẹ̀tọ́ sí kí a mọ ẹni tí ó pa á, àti pé Ọlọ́run mọ ìdí tí ìsìnkú náà fi pẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Bí a bá ti sin ín láìjẹ́ kí dókítà rí i, ohun tí ó kù ni kí wọ́n máa wá gbẹ́ ẹ jáde, kò sì sí ilé tí ó yẹ kí irú èyí dé bá.

Dókítà náà ṣàlàyé ohun tí ó ń wá fún mi nígbà tí ó mọ̀ pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Lẹ́yìn ikú, iṣan ara máa ń le. Ó sábà máa ń hàn ní páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn láàárín wákàtí 2 sí 4, ó máa ń tàn ká gbogbo ara ní nǹkan bí wákàtí 12, lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ooru máa ń mú un yá. Ẹ̀jẹ̀ tí kò sàn mọ́ a máa sọ̀ kalẹ̀ sí apá ibi tí ara fi lélẹ̀, yóò sì fi àwọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣòro rí lára awọ dúdú. Ara Bàbá Àgbà ti le gbagidi nígbà tí ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ó ti kú láàárín òru, ṣùgbọ́n òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára mú òun sọ wákàtí kan pàtó, nítorí kò sí dókítà tí ó lè fi ìyẹn nìkan búra. Ó béèrè ẹni tí ó fọ ọwọ́ òkú. Ẹni tí ń bá apànìyàn jà a máa ha á lára, awọ àti ẹ̀jẹ̀ ẹni náà a sì máa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀; ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń fi àpò bébà bo ọwọ́ òkú kí wọ́n tó gbé e. Abẹ́ èékánná Bàbá Àgbà mọ́ tónítóní.

Ará Faransé kan, Edmond Locard, tí ó dá yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ọdún 1910, ni wọ́n máa ń fi èrò náà mọ̀ pé ibi tí nǹkan méjì bá ti fara kanra, ọ̀kan yóò fi nǹkan sílẹ̀ lára èkejì. Mo ti ka èyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí n kò rò dé ni pé òfin náà kò yọ aládùúgbò sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó wọ yàrá yẹn láti sunkún fi irun, òógùn, iyẹ̀pẹ̀ àti ìtẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú díẹ̀ lára ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Omi jafẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní luminol, tí ó máa ń tàn bí iná aláwọ̀ aró nínú òkùnkùn bí ó bá kan èròjà tí irin wà nínú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àní bí wọ́n bá ti nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò tí ojú kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n jafẹ́ẹ̀lì pàápàá máa ń mú luminol tàn, nítorí náà, ibi tí ìyàwó kékeré gbá ni gbogbo rẹ̀ yóò máa tàn, a kò sì ní mọ èwo ni ẹsẹ̀ apànìyàn, èwo ni ojú ìgbálẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ta sí ara ògiri àti ilẹ̀ ìbá sọ ibi tí Bàbá Àgbà dúró sí nígbà tí irin kọ́kọ́ bà á, àti bóyá ó dúró ni tàbí ó jókòó. Ìyẹn ti bá omi lọ.

Àbúrò mi wà ní àtìmọ́lé. N kò ní sọ púpọ̀ lórí bí ó ti rí lára ìyá wa, nítorí kò yàtọ̀ sí ti ìyá èyíkéyìí. Ohun tí ó ṣòro jù fún mi ni ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò mí lọ́jà. Wọ́n ń sọ pé, “Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ni ẹ tún ń wá?” Ìròyìn náà sì ti lọ káàkiri pé wọ́n ti fi ẹ̀wù náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, gbogbo ènìyàn sì ń retí ẹ̀rọ tí yóò sọ òtítọ́.

Kí a tó fi ẹ̀wù náà ránṣẹ́, ó ti wà nínú àpò ọ̀rá ní yàrá kan tí kò ní fèrèsé tó, nínú ooru àti ọ̀rinrin àsìkò òjò. Bí a bá di ẹ̀kọ gbígbóná sínú ọ̀rá, ó máa ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tútù náà ṣe. Nígbà tí wọ́n tú u, èébu ti hù lára rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń jẹ DNA tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, èyíinì ni èròjà àjogúnbá tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀, wọ́n a gé e sí wẹ́wẹ́. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, inú bébà ni ibùgbé rẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí bébà mímọ́ níbi tí atẹ́gùn wà tí oòrùn kò sí, kí ó gbẹ dáadáa, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpòòwé tirẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n ti mú un sí i, kí gbogbo ẹni tí ó bá gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn sì fọwọ́ sí i. Bí ìwé ìfisọ́wọ́ yẹn bá já níbì kan, agbẹjọ́rò yóò béèrè ẹni tí ó ni ẹ̀rí náà lọ́wọ́ ní àkókò yẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Mo máa ń ya àwòrán ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe DNA sójú pátákó fún àwọn ọmọ: a gé kékeré lára aṣọ, a fa DNA jáde, a wọn iye rẹ̀, a fi ọ̀nà PCR tí Kary Mullis gbé kalẹ̀ ní ọdún 1983 sọ ẹyọ díẹ̀ di ọ̀kẹ́ àìmọye, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò ka iye ìgbà tí àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tún ara wọn sọ ní àwọn ibi kan pàtó nínú DNA, tí ìdajì wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, tí ìdajì sì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lójú pátákó, èébu kì í sí. Nínú ìwé àbọ̀ tí ó dé, àwọn ibi tí ó gùn lára DNA náà kò jáde rárá, àwọn kúkúrú nìkan ni ó hàn, wọ́n sì bá ti Bàbá Àgbà mu.

Ìwé náà dé ọwọ́ agbẹjọ́rò wa, ìdílé sì dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti dájọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ bínú sọ̀rọ̀. Kí ni ìwé náà sọ tí a kò mọ̀? Ojú gbogbo àdúgbò ni àbúrò mi ti gbé orí òkú lé àyà. Ìbéèrè tí wọ́n bi yàrá àyẹ̀wò ni pé, “Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”, ó sì ti dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé, “Báwo ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe dé ara ẹ̀wù?” Ẹ̀jẹ̀ tí ó ta láti ojú ibi tí irin ti ń lu ènìyàn máa ń jẹ́ ẹ̀kán kéékèèké tí ó fọ́n ká, ẹ̀jẹ̀ tí aṣọ fi ara kàn máa ń nù gbọọrọ, ó sì máa ń wọ inú òwú aṣọ láti ibi kan ṣoṣo. Ẹ̀wù yẹn ìbá ti dá àbúrò mi sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí wọ́n bá sá a kí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ká a sí mẹ́rin nígbà tí ó tutù, ẹ̀jẹ̀ iwájú ti tẹ ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àti apá, kò sì sí ọ̀mọ̀ràn tí ó lè tú u palẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwọn tí ó bá gbọ́ “DNA” tí ẹsẹ̀ wọn gbọ̀n. Alec Jeffreys ṣe àwárí bí a ṣe lè fi DNA dá ènìyàn mọ̀ ní yunifásítì Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1984. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ lò ó fún ọ̀ràn ìpànìyàn ní àgbègbè yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ti jẹ́wọ́ ọ̀kan nínú ikú méjì tí wọ́n ń wádìí. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé kì í ṣe òun. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹni tí ó ṣe é, Colin Pitchfork, tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ní ọdún 1988. Ìdáǹdè ni ìmọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kò lè sọ ju ohun tí a bi í lọ.

Ti irin náà ni ó mú ìjà wọ ilé. Yàrá àyẹ̀wò rí DNA lára rẹ̀, àdàpọ̀ ti ènìyàn mẹ́rin ó kéré tán, nítorí pé ó ti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí àdàpọ̀ bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àtiya ti ẹnì kan sọ́tọ̀ máa ń nira gidigidi. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí gbogbo ẹni tí ó gbá irin náà mú fi DNA tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Òwú ni wọ́n máa ń fi pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyálé ní òun kò ní fi itọ́ òun fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí kò gbọ́ èdè wa lè rò pé ó ní nǹkan tí ó ń fi pa mọ́, òṣìṣẹ́ tí ó wá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé itọ́, irun àti èékánná kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún àlejò? Mo lọ jókòó ti Ìyálé, mo ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tèmi níṣojú yín ná.” Wọ́n ṣe tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fọwọ́ kan irin náà. Ó rí i tí wọ́n fi òwú sínú àpòòwé, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, tí mo sì fọwọ́ sí ojú èdìdì. Ó béèrè bóyá wọ́n lè tú u láìjẹ́ pé èdìdì náà fà ya. Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n fún òun ní yíǹkì, kí òun tẹ ìka òun lé orí èdìdì náà fúnra òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe la ẹnu. Mo rò pé òye rẹ̀ lórí èdìdì pé ju ti ẹni tí ó ta ọ̀rá dúdú ní kókó lọ.

Kí ẹ má baà rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀: ní Jámánì, lẹ́yìn ikú ọlọ́pàábìnrin kan ní ìlú Heilbronn ní ọdún 2007, wọ́n wá obìnrin kan tí DNA rẹ̀ ń yọ jáde níbi ọ̀ràn púpọ̀, dé ilẹ̀ Austria àti Faransé. Ní ọdún 2009 ni wọ́n rí i pé obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di òwú àyẹ̀wò náà ni ó ni DNA yẹn. Òwú náà kò ní kòkòrò lára, ṣùgbọ́n DNA kì í ṣe kòkòrò.

Fọ́tò ni ó wá tú àbúrò mi sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jágbe mọ́ lọ́jọ́ náà wá bá mi ní alẹ́ kan, ó ń gbọ̀n, ó ní kí ó tó pa àwọn fọ́tò náà rẹ́, òun ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun ní Ṣábẹ̀ẹ́ lórí WhatsApp. A gbà á padà. Nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, etí rẹ̀ ti gbẹ dúdú, àbúrò mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ní orí, pẹ̀lú ẹ̀wù búlúù rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kankan lára ẹ̀wù náà.

Mo sáré gbé e lọ bá agbẹjọ́rò. Ó yọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n jókòó. Fọ́tò tí WhatsApp bá gbé máa ń pàdánù àkọsílẹ̀ tí fóònù fi pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí ó ń sọ wákàtí tí wọ́n yà á àti irú fóònù tí ó yà á, ó sì máa ń fún fọ́tò náà pọ̀ débi pé ohun kéékèèké a máa parẹ́. Pròkúrọ̀ lè sọ pé a yà á ní ọjọ́ mìíràn. Fọ́tò àkọ́kọ́ gan-an ni a nílò, nínú fóònù tí ó yà á. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í sọ fọ́tò tí a pa rẹ́ nù lójú ẹsẹ̀. Fóònù máa ń kó o sí ibi ìdọ̀tí fún nǹkan bí oṣù kan. Àsìkò yẹn ti ń lọ sí òpin. A lọ sí ibi ìdọ̀tí fóònù náà lójú agbẹjọ́rò, gbogbo fọ́tò náà sì wà níbẹ̀. Agbẹjọ́rò kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ó ní kí a pa fóònù náà, kí a sì gbé e fún adájọ́ olùwádìí bí ó ti wà.

Wọ́n fi èdìdì di fóònù. Ọmọ náà kò rí i gbà padà fún ìgbà pípẹ́, ó sì bínú sí mi díẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí irú èyí bá bá yín, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yín sí ibòmíràn kí ẹ tó fi fóònù sílẹ̀. Bí ẹ bá sì máa ya fọ́tò níbi ìṣẹ̀lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí: ẹ ya gbogbo yàrá láti igun tí ojú yín lè dé, ẹ ya ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ má sún nǹkankan kí ó lè dára nínú fọ́tò, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Fídíò òkú tí ń káàkiri lórí fóònù kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó sì ń kọ́ ẹni tí ó ṣe é ní ohun tí ọlọ́pàá mọ̀.

Awakọ̀ ẹrù náà jẹ́rìí wákàtí tí wọ́n kúrò ní Àjàṣẹ́, fọ́tò jẹ́rìí ẹ̀wù, dókítà jẹ́rìí òru. Agbẹjọ́rò tún mú kí wọ́n bi ẹni tí ó kọ àbọ̀ yàrá àyẹ̀wò ní ìbéèrè tí wọn kò bi í tẹ́lẹ̀: bí ènìyàn bá gbé òkú yìí mọ́ra, ṣé a lè rí irú ẹ̀jẹ̀ yìí lára ẹ̀wù rẹ̀? Ó kọ̀wé pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kan péré. Ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù tí ó ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ẹ má bẹ̀rù láti bi onímọ̀ ní ìbéèrè. Ní ọdún 2004, lẹ́yìn bọ́ǹbù tí ó dún nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìtẹ̀ka ní FBI, àjọ ọlọ́pàá ìwádìí ti Amẹ́ríkà, pàápàá sọ pé ìtẹ̀ka agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n rí, wọ́n sì tì í mọ́lé, kí àwọn ará Spéènì tó fi hàn pé ẹlòmíràn ni.

Wọ́n dá àbúrò mi sílẹ̀ ná kí ó máa ti ilé wá, lẹ́yìn náà ni adájọ́ olùwádìí kọ̀wé pé kò sí ẹ̀sùn tí ó kù lọ́rùn rẹ̀. Kò bá ọkọ̀ ẹrù lọ mọ́.

Ìwé gbèsè tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi ìka méjì mú ni ó kù. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà nítorí pé a kò rí i. Ojú ewé kan ti ya kúrò nínú rẹ̀. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n fi ninhydrin sí àwọn ewé tí ó kù, oògùn tí ó máa ń mú òógùn tí ìka fi sílẹ̀ lórí bébà di àwọ̀ àlùkò, àní bí ó bá ti pẹ́. Ìtẹ̀ka Bàbá Àgbà pọ̀ níbẹ̀, bí a ti lérò. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ewé ti ya, ìtẹ̀ka àtàǹpàkò kan wà tí ó hàn ketekete, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé. Wọ́n ti pe àwọn tí a rántí pé wọ́n jẹ Bàbá Àgbà ní gbèsè láti wá tẹ ìka. Àwọn kan wá, àwọn méjì sì ti gba Ìlárá kọjá. Agbẹjọ́rò ní kí Ìyálé jókòó kí ó rántí gbogbo ẹni tí ó gba àgbàdo láwìn ní àsìkò ìkórè yẹn, kí n máa kọ wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú iye àpò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé. Orí rẹ̀ ni a ń lò báyìí dípò ewé tí ó ya, orúkọ tí a sì ti fi lé adájọ́ lọ́wọ́ ti kọjá ogún.